Ìpàdé Inú Ilé Tábà

Títí di òní olónìí, bí òórùn ewé tábà gbígbẹ bá kàn mí nímú, àyà mi á kọ́kọ́ já, lẹ́yìn náà ni ọkàn mi á wá balẹ̀. Ibi tí mo ti mọ òórùn náà, ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó tábà sí láyé ọjọ́un ni, ní ẹ̀yìn Igbó-Ọrà, níbi tí títì ti fẹ́ẹ̀ parí tí oko ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ra tábà ti kó lọ tipẹ́tipẹ́, páànù orí ilé náà ti dípẹtà, àmọ́ òórùn yẹn kò bá wọn lọ. Ó ti wọ inú ògiri, ó ti wọ inú ilẹ̀, bí o bá jókòó síbẹ̀ díẹ̀, yóò bá ọ délé nínú ìró àti gèlè rẹ. Èmi ò fẹnu kan tábà rí láyé mi. Ọtí ni tèmi. Inú ilé tábà yẹn ni mo sì ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ọtí sílẹ̀. Bó bá pa ọ́ lẹ́rìn-ín, máa rẹ́rìn-ín, ó pa èmi náà lẹ́rìn-ín.

O mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Èrúwà. Gàrí ni mò ń yan. Ẹni tó bá jókòó ti agbada gàrí láti òwúrọ̀, tó ń fi igbá rò ó síwá sẹ́yìn, tí èéfín ń ta á lójú, yóò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀yìn ríro. Ẹ̀yìn ríro yìí ló sọ mí di oníbàárà obìnrin tó ń gbé ìgò àgbo kiri ibi tí a ti ń yan gàrí. Ìwọ náà mọ àgbo ọ̀pá-ẹ̀yìn yẹn: egbò igi díẹ̀ nísàlẹ̀, ògógóró ló kún ìyókù ìgò. Ife kékeré kan lówùúrọ̀, kí ẹ̀yìn lè nà. Nígbà tó yá, ó di òwúrọ̀ àti ọ̀sán. Nígbà tí ọkọ mi kú, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn pátápátá, mo kàn ń mu ún ni. Kò sì sẹ́ni tó pè mí ní ọlọ́tí, nítorí oògùn ni mò ń lò. Obìnrin tó ń lo oògùn, ta ni yóò bá a wí? Ó di ọjọ́ tí mo ṣubú lu agbada gbígbóná, tí apá òsì mi bó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá.

Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ ojú egbò náà fún mi ní ọsibítù kò wàásù. Ó gbóòórùn ẹnu mi, ó wo apá mi, ó ní bí mo bá tún ṣubú bẹ́ẹ̀, ojú ló kù tí n ó fi lélẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé àwọn kan wà ní Igbó-Ọrà tí ọtí ti bá jà, wọ́n máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́, wọn kì í béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní ṣé kò sí èyí tó súnmọ́ ilé. Ó ní kò sí. Inú mi dùn gan-an. Ibi tó jìnnà ni mo ń wá, níbi tí ojú kankan ò ti ní mọ̀ mí.

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Opó ni mí nínú agbo ilé ọkọ mi. Yàrá tí mò ń sùn, yàrá ọkọ mi ni, ìwà tí mo bá hù ni yóò sì sọ bóyá n ó máa sùn nínú rẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin tí a jọ ń yan gàrí ti sọ ọ́ sí mi létí pé bí mo bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ò ní jẹ́ kí n súnmọ́ iná mọ́. Bí mo bá ń mu ọtí lọ, mo pàdánù iṣẹ́. Bí àwọn ará ilé bá gbọ́ pé mò ń lọ sí ìpàdé àwọn tí ọtí bàjẹ́, mo pàdánù yàrá. Bí mo ṣe rò ó nígbà náà nìyẹn.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo wé gèlè, mo mú báàgì, kí ẹni tó bá rí mi lè rò pé òde ni mò ń lọ. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà, mo pe ọlọ́kadà kan, ọkùnrin onírùngbọ̀n báyìí, mo ní ìpàdé ni mò ń lọ. Ó bi mí pé ìpàdé wo. Mo ní ìpàdé Sátidé. Ọ̀rẹ́ mi, ìlú wo nílẹ̀ Ìbàràpá ni o ti lè sọ bẹ́ẹ̀ tí wọn ò ní gbé ọ kiri? Ó kọ́kọ́ já mi sí ọ̀dọ̀ àwọn alájẹṣẹ́kù, níbi tí ohùn ti ń ròkè tí aṣọ ti fẹ́ẹ̀ máa ya. Mo sá jáde. Ó tún gbé mi, ó já mi sínú ọgbà ilé-ìwé kan, níbi tí àwọn obìnrin jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ tutù, ojú wọn fani mọ́ra, mo sì sọ lọ́kàn ara mi pé, họ́wù, ṣé gbogbo obìnrin tó dára báyìí ni ọtí ti bá jà?

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìbejì ni. Kí n tó lajú, wọ́n ti sún fún mi, wọ́n ti bu ẹ̀wà fún mi, wọ́n ti ń bi mí pé Táyé ńkọ́, Kẹ́hìndé ńkọ́, ṣé ọkùnrin ni wọ́n àbí obìnrin. Èmi tí ìbejì ò wọ ìdílé wa rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Mo ní èmi kọ́, àbúrò mi obìnrin tó wà ní Tápà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wọn, òun ló ní kí n wá bá òun wádìí bí wọ́n ṣe ń wọ ẹgbẹ́. Ni gbogbo wọn bá dìde, wọ́n gbàdúrà gbígbóná fún àbúrò mi. N ò ní àbúrò kankan ní Tápà. Mo ṣe àmín, mo jẹ ẹ̀wà àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò bí, mo dúpẹ́, mo jáde.

Nígbà tí mo dé ojú ọ̀nà, inú ti ń bí mi. Sí ara mi ni. Èmi tí n kì í tijú láti mu àgbo lójú gbogbo ayé, tí mo ti fi ẹnu ọtí kí pásítọ̀ rí, mo wá ń parọ́ ìbejì nítorí pé mo fẹ́ fi í sílẹ̀. Ọlọ́kadà yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì lórí ọ̀kadà rẹ̀. Mo là á mọ́lẹ̀ fún un, tí àwọn tó wà nítòsí sì gbọ́, pé ibi tí àwọn èèyàn ti ń kọ́ láti fi ọtí sílẹ̀ ni mò ń lọ.

Ó gbé búrẹ́dì mì. Ó ní, "Màmá, ẹ̀ bá ti tètè sọ. Mo ti já ẹnìkan síbẹ̀ lónìí."

Gbogbo àwọn ọlọ́kadà ló mọ ibẹ̀. Ibi tí wọn kì í ti í béèrè orúkọ, tí èmi ń fi gèlè bojú wá, kò sí ọlọ́kadà tí kò lè gbé ọ débẹ̀.

Inú ilé tábà náà ṣókùnkùn, ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ojú mi tó ríran. Wọ́n to àga oníke yíká, àwọn èèyàn bíi mélòó kan sì jókòó. Ẹni tó ń darí wọn jẹ́ awakọ̀ àjàgbé tẹ́lẹ̀, ọkùnrin títóbi kan tí ohùn rẹ̀ rọra ń jáde. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú fìlà tó fà bojú bí ẹni pé òtútù ń mú un, Baálé ilé wa ló jókòó síbẹ̀. Àbúrò bàbá ọkọ mi. Ẹni tó ń parí ìjà gbogbo àwa ìyàwó ilé, tó ń ṣàdúrà lé ọmọ tuntun lórí, tí ó jẹ́ pé bí ó bá wúkọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, a ó dákẹ́ ariwo ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Bàbá ní, "Ìyàwó, ṣé àlàáfíà ni o?" A wá ń wo ara wa. Òun náà ti ronú bí èmi ṣe ronú, ó ti wá ibi tó jìnnà sí Èrúwà.

Awakọ̀ yẹn ní kí n dìde nílẹ̀, ó ní níbẹ̀ kò sí bàbá, kò sí ìyàwó, gbogbo wa ni ọtí ti gbá létí. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, àmọ́ kò mọ agbo ilé wa. Báwo ni n ó ṣe la ẹnu níwájú Baálé, kí n ní mo mu ọtí títí mo fi tọ̀ sára? Báwo ni òun náà yóò ṣe sọ tirẹ̀ níwájú ìyàwó tí yóò wá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ ọ̀la? Nígbà tí ọ̀rọ̀ kàn mí, mo ní ara mi ò yá. Nígbà tó kan Bàbá, ó ní òun ń gbọ́. Nígbà tí a jáde, Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò wò mí, ó ní, "A ò rí ara wa o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Bí a ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn, Sátidé lẹ́yìn Sátidé. Ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń wọ̀. Nílé, èmi ní àpò gàrí ni mo lọ rà, Bàbá ní ọ̀rẹ́ òun kan ni ara rẹ̀ ò yá. Àwọn yòókù ń sọ tiwọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá tún ti mu ún á jẹ́wọ́, wọ́n á sì tún gbà á mọ́ra. Àwa méjèèjì jókòó bí ẹni tó wá ṣojú ẹlòmíì. Mo dín in kù, irọ́ kò sí níbẹ̀, àmọ́ n ò fi í sílẹ̀. Mo ṣì ń yà sọ́dọ̀ obìnrin alágbo bí mo bá ń ti ìpàdé bọ̀.

Ó sú awakọ̀ yẹn níjọ́ kan. Ó yí àga rẹ̀ sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ò tíì dé ibí o. Ilé yín lẹ gbé wá, inú rẹ̀ lẹ sì jókòó sí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi, ó sì bí mi nínú. N ò mọ ẹni tó yẹ kí n bínú sí, ni mo bá fi ìbínú náà sọ̀rọ̀. Mo sọ ti agbada gàrí. Mo sọ bí mo ṣe ń bu àgbo sínú ike omi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo ń mu ún lákòókò ìwàásù. Mo sọ pé ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ mi, n ò rántí bí wọ́n ṣe gbé e sílẹ̀, àwọn èèyàn ló ń ròyìn rẹ̀ fún mi. Èyí tó dùn mí jù nìyẹn, n ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. N ò wo apá ọ̀dọ̀ Bàbá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n gbé sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, Bàbá yìí ni wọ́n sì ní ó di ọwọ́ mi mú kí n má ṣubú sínú kòtò. Nígbà tí a jáde, Bàbá ti wà nínú takisí tó ń lọ sí Èrúwà, ó ní kí onítakisí dúró de ìyàwó òun. A jọ wọ ọkọ̀ náà délé. Láti ọjọ́ yẹn, n ò fẹnu kan ọtí mọ́.

Ó wá ku ìpàdé ẹbí. Ní ìparí ọdún, nígbà tí gbogbo ọmọ ilé bá ti dé láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó, a máa ń pé sí agbo ilé, Baálé á sì gbàdúrà pẹ̀lú sínáàpù. Yóò bù ú sínú ife, yóò ta díẹ̀ sílẹ̀, yóò tọ́ ọ wò, ife náà á wá máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tí yóò fi kan àwa ìyàwó lórí ẹní. Àwọn mùsùlùmí inú wa máa ń fi ìka kan ife náà, wọ́n á gbé e síwájú, kò sẹ́ni tó ń bá wọn jà. Àmọ́ ẹni tí gbogbo ilé mọ̀ pé ó ń mutí, tó bá ti ń mu ún láti ọdún wá, bí ó bá kọ ife ẹbí lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní ó ní nǹkan nínú sí ilé. Bí ikú bá pa ọmọdé kan lọ́dún náà, wọ́n á rántí ẹni tó kọ ife. Opó ni mí. O mọ ibi tí wọ́n máa kọ́kọ́ wò.

N ò sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo rò ó pé n ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan péré, n ó sì tu ú dà nù. Ìwọ tí o kò mutí rí lè rò pé nǹkan kékeré ni. Mo mọ̀ pé bí ó bá kan ahọ́n mi, kò ní í jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan.

Ọjọ́ pé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé Ìbàdàn ló ra sínáàpù wá, ìgò ńlá aláwọ̀ ewé, ó ṣí i, ó bu ife kún, ó gbé e fún Bàbá pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Bàbá gbà á. Ó ń wo inú ife náà, kò sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àwọn tó kù rò pé ó ń ṣàṣàrò. Èmi nìkan ló mọ ohun tí mò ń wò. Mo rí i tó gbé ife náà dé igbáàyà, tó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí itan, mo sì mọ̀ pé àgbàlagbà yìí máa mu ún, kò ní rí bó ṣe máa kọ̀ ọ́, nítorí òun gan-an ni ẹni tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó mu tiwọn.

Mo dìde lórí ẹní. Mo ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ọtí yìí ò ní kan ẹnu mi. Òun ló gbé mi sínú agbada. Igbó-Ọrà tí mò ń lọ ní Sátidé, àpò kọ́ ni mò ń rà, ibi tí mo ti ń kọ́ bí n ó ṣe fi í sílẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a fi omi ṣàdúrà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí n kẹ́rù mi."

Ilé dàrú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ta ló fún obìnrin ilé ní ẹnu níbi tí Baálé wà. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ń fa ìró mi pé kí n jókòó. N ò jókòó. Mo ń wo gbogbo wọn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ti rí mi níbi tí mo sùn sí lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n gba orí mi kọjá, wọ́n wá ń sọ pé mo dójú ti ilé. N ò dárúkọ Bàbá. N kì bá ti dárúkọ rẹ̀ láéláé, bí wọ́n bá tilẹ̀ lé mi jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Bàbá wúkọ́. Gbogbo ilé dákẹ́. Ó gbé ife náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ bu omi wá." Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, Bàbá, ẹ má dá ìyàwó yìí lóhùn. Bàbá ní, "Ibi tó ń lọ yẹn, èmi ló bá níbẹ̀."

Ẹni tí kò sọ nǹkan kan nínú ilé tábà láti ọjọ́ tó ti ń lọ, àárín agbo ilé rẹ̀, lójú ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ló ti wá sọ tirẹ̀. Kò pẹ́, kò sì sunkún. Ó ní oko tí bàbá àwọn fi sílẹ̀ ní ọ̀nà Lánlátẹ̀ tí òun ní òun yá ẹnìkan, ọtí ló gbé e lọ. Ó ní òun ti ń ṣàdúrà pẹ̀lú ife yìí fún ìlera gbogbo ilé, nígbà tí ife náà ń pa òun. Wọ́n bu omi wá nínú igbá. Ó gbàdúrà, ó tọ́ omi wò, ó gbé igbá náà síwájú. Àwọn kan gbà á, àwọn kan dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n jáde. Wọ́n gbé sínáàpù náà dání lọ, mo sì mọ̀ pé kò rí òwúrọ̀.

Má rò pé gbogbo nǹkan dára láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní mo fi oògùn mú Bàbá. Wọ́n ní àdúrà olómi ni kò jẹ́ kí òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bí ẹni pé àwọn oko tí wọ́n fi ọtí ṣàdúrà lé lórí ní gbogbo Ìbàràpá ríjò ju tiwa lọ. Bàbá fúnra rẹ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kan, níbi òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó mu ún títí wọ́n fi gbé e wálé. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wọ agbádá rẹ̀, kò fa fìlà bojú, ó dúró ní gbàgede, ó ké sí mi lóhùn rara pé ìyàwó, jẹ́ ká lọ sí ìpàdé, ìpàdé àwọn ọlọ́tí. Gbogbo agbo ilé gbọ́. A jọ rìn la ọjà kọjá lọ wọkọ̀. Yàrá mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sì ṣì ń yan gàrí.

Mo máa ń rò ó pé, kí ni mo ń fi pamọ́ tẹ́lẹ̀? Ìgbà tí mò ń mu ún, gbogbo wọn rí mi. Wọ́n rí mi ní ojú títì, wọ́n rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n rí mi ní ẹ̀gbẹ́ sàréè ọkọ mi, kò sẹ́ni tó ní kí n lọ fara pamọ́. Ìgbà tí mo fẹ́ yè ni wọ́n fẹ́ kí n máa yọ́ rìn. N ò ní yọ́ rìn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbé mi sin, mo sì kọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn, kó wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, n ó sọ ọ́ fún un ju bó ṣe gbọ́ ọ lọ.